Gílóòbù wo ni kí n rà? LED, oníbátìrì, ti sólà àti èyí tó ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu

Gílóòbù méjì wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n kọ 9W sára àwọn méjèèjì, wọ́n kọ LED sí wọn gàdàgbà, àmọ́ owó tí mo fi ra ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìkejì. Mo gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé ìkejì sọ́wọ́ òsì. Ọ̀kan fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, ìkejì wọ̀n lọ́wọ́ díẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó ka ohun tó wà lára páálí, nítorí irin tó ń fa ooru kúrò lára gílóòbù ló ń jẹ́ kó wúwo. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n dín owó kù, irin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gé.

Iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹnì kan á ṣáà pè mí láti inú ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, oríṣi mẹ́rin ló wà níbí o, èwo ni kí n mú?" Èmi náà á bi í pé irú iná wo ló ń wọ ilé rẹ̀. Ṣé ti NEPA tó ń lọ sókè sódò ni, ṣé ínfátà ni, àbí pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé? Gílóòbù tó lo ọdún márùn-ún ní Jámánì lè má lo oṣù márùn-ún ní Àpẹtẹ̀. Iná tó ń wọlé ni mo fi ń yan gílóòbù, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí.

Wáàtì àti lúmẹ̀n

Ẹ jẹ́ ká mú èyí kúrò nílẹ̀ kíá. Wáàtì ni iye iná tí gílóòbù ń jẹ, lúmẹ̀n ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde. Ká ní ìmọ́lẹ̀ bíi lúmẹ̀n 800 lẹ fẹ́, èyí tó tó fún yàrá kékeré kan:

- Gílóòbù àtijọ́ onírin tín-ín-rín nínú: wáàtì 60
- Energy saver tó lọ́ pọ̀ bí ìfun: wáàtì 13 sí 15
- LED tó wà káàkiri ọjà: wáàtì 8 sí 9
- LED tó mọ iná ṣọ́ lò jù lọ nísinsìnyí: wáàtì 4

Ẹ fi wákàtí mẹ́fà lálẹ́ ṣírò rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ á jẹ yúnìtì 10.8 lóṣù, LED wáàtì 9 á jẹ 1.62. Lójú owó tí wọ́n gbé Band A (àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́) sí ní oṣù keje ọdún 2024, ìyẹn ₦209.5 fún yúnìtì kan kí wọ́n tó fi VAT lé e, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi ₦2,260, ti ìkejì ò pé ₦340. Lórí ẹyọ gílóòbù kan ṣoṣo nìyẹn o.

LED ti wáàtì 4 yẹn ńkọ́? Ìlú Dubai ló kọ́kọ́ bá Philips ṣe àdéhùn pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún òun, ọdún 2016 ni wọ́n sì gbé e jáde. Yúróòpù rí tirẹ̀ ní 2021, ọdún tí wọ́n tún àmì A dé G, tó ń sọ bí gílóòbù ṣe mọ iná ṣọ́ lò sí, tò lára páálí, tó fi jẹ́ pé èyí tó ń jẹ́ A tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀. Lúmẹ̀n 840 láti inú wáàtì 4, ìyẹn 210 fún wáàtì kan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá síbẹ̀ rọrùn: wọ́n to LED tó pọ̀ gan-an sínú rẹ̀, wọ́n wá fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní iná díẹ̀, kò sí èyí tó ń làágùn. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí wọ́n fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé á lo wákàtí 50,000.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó jẹ́ NEPA nìkan ló ń lò kò ní láti wá irú rẹ̀ kiri. Ìyàtọ̀ 9 sí 4 kò tó ₦200 lóṣù lórí gílóòbù kan. Ẹni tó gbé iná mẹ́wàá lé orí ínfátà ni mo máa ń bá sọ ọ́, torí wáàtì 50 fún wákàtí mẹ́fà ni nǹkan tó ń ṣẹ́ kù nínú bátìrì rẹ̀ lálaalẹ́, fáànù kan lè fi ìyẹn yí títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí mi ò ní sọ pé kó ju gílóòbù àtijọ́ nù ni ẹni tó ń tọ́ òròmọdìyẹ. Ooru ló ń wá, ooru sì ni gílóòbù yẹn mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ohun tó ń pa LED nílé wa

Bí LED bá kú, mo máa ń ṣí i wò. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú hódà ná, kí ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìdérí funfun orí rẹ̀. Ẹ ó rí àwo irin pẹlẹbẹ kan tí àwọn nǹkan yẹ́lò kéékèèké tò sí yíká bí hóró àgbàdo. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn á ní àmì dúdú láàárín, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyọ kan yẹn ló pa gbogbo yòókù, torí ńṣe ni wọ́n sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan. Okùn já lójú kan, ìlẹ̀kẹ̀ dà sílẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń tún gílóòbù ṣe lẹ́bàá títì máa ń fi òjé dí ojú dúdú yẹn, iná á sì padà wá. Èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́. Mi ò ṣe é fún oníbàárà mọ́, torí ẹrù ẹyọ tó kú yẹn, orí àwọn tó kù ló ń bọ́ sí, kì í sì í pẹ́ tí òmíràn fi máa ń tẹ̀lé e.

Ooru ló ń fa gbogbo ìyẹn. LED fúnra rẹ̀ kì í tètè kú. Wákàtí 15,000 tí wọ́n ń kọ sí páálí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nígbà tó bá fi máa tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Kápásítọ̀ kékeré tó wà nídìí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, ló ń tètè lọ. Bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá lé, ẹ̀mí kápásítọ̀ yẹn máa ń gé sí méjì. Ẹ wá wo àwọn tó ń ki gílóòbù sínú abọ́ gíláàsì tí kò ní ojú atẹ́gùn kankan, lábẹ́ òrùlé páànù, nínú oṣù kẹta. Wọ́n á ní gílóòbù náà ni kò dáa.

Lẹ́yìn ooru, iná tó ń wọlé ló kàn. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń fi sídìí LED láti bá a ṣètò iná, ẹ ò sì lè rí i láti òkèèrè. Ọ̀kan ò ju kápásítọ̀ àti díódù mẹ́rin lọ. Bí NEPA bá wálẹ̀, òun náà á ṣú, bí NEPA bá gbéra sókè lójijì, òun náà á gbéra dé ibi tí kò ní padà bọ̀. Ẹ má gbé e sórí ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn iná tó ń rìn geere bíi ti NEPA. Ńṣe ló máa ń yan bí àkàrà níbẹ̀. Èkejì ní ẹ̀rọ gidi nínú, ẹ ó rí 85–265V tàbí 100–265V lára páálí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ bí iná bá wálẹ̀ dé 150. Fún àdúgbò tí iná wọn ń lọ sókè sódò, èkejì yìí ni kí ẹ rà, ẹ má wojú owó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ ní kí wọ́n tàn án, kí ẹ wá gbé kámẹ́rà fóònù yín sún mọ́ ọn. Tí ìlà dúdú bá ń rìn kọjá lójú fóònù, iná yẹn ń ṣẹ́jú nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú lè má rí i, àmọ́ ẹlòmíì á máa sọ pé orí ń fọ́ òun nínú yàrá yẹn, kò ní mọ ohun tó fà á.

Oníbátìrì, onífóòtì 12 (12V), àbí ínfátà?

Ẹ ti rí i tí ọlọ́jà bá di ìdí gílóòbù oníbátìrì mú lọ́wọ́ tó sì tàn. Àwọn kan rò pé idán ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: gílóòbù yẹn ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ pa á ni àbí NEPA ló lọ. Bó ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé ó ń fọwọ́ kan inú wáyà wò. Bí swíìṣì bá wà ní títàn tí iná ò sí, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tó wà nínú ilé á so wáyà méjèèjì pọ̀, á wá mọ̀ pé NEPA ló ṣe é. Bí swíìṣì bá wà ní pípa, kò ní rí nǹkan kan. Ọwọ́ ọlọ́jà náà ló so ojú méjèèjì pọ̀ lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí irú gílóòbù yìí fi máa ń ya wèrè ní ṣọ́ọ̀bù tí òun nìkan wà lórí wáyà: iná á lọ, kò ní tàn, wọ́n á ní ayédèrú ni.

Ó dáa fún ilé ìwẹ̀, àtẹ̀gùn àti ilé ìdáná, ibi téèyàn kì í pẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má retí 9W tó wà lára rẹ̀ nígbà tó bá wà lórí bátìrì, kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù àti ooru kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ṣe bátìrì rẹ̀ kó ṣeé yọ kúrò, òun ni kí ẹ mú.

Gílóòbù fóòtì 12 ni tẹni tó ní pánẹ́ẹ̀lì kan àti bátìrì kan. Ẹ ò nílò ínfátà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò: ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Òmíràn ń jẹ wáàtì 20, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó tan nǹkan kan. Ẹni tó tan ínfátà mọ́jú nítorí gílóòbù wáàtì 9 kan, ínfátà ló ń bọ́. Wáyà nìṣòro ibẹ̀. Wáàtì 9 lórí fóòtì 12 á fa áńpìa 0.75, nígbà tó jẹ́ pé lórí 230 kò pé 0.04. Wáyà tín-ín-rín tó gùn láti bátìrì dé bọ́ìsì kọ́ọ̀tà á ti jẹ ìmọ́lẹ̀ yín mọ́ ọ̀nà kó tó débẹ̀. Ẹ lo èyí tó nípọn, kí bátìrì sì wà láàárín ilé.

Àwọ̀ iná

Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo LED funfun tẹ́ ẹ rí, búlúù ni nínú. LED búlúù tí wọ́n kun ẹ̀fun yẹ́lò lé lórí ni, àpapọ̀ méjèèjì ni ojú wa ń pè ní funfun. Ó pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ búlúù yẹn: LED pupa ti wà láti 1962, àwọn ọmọ bíbí Japan mẹ́ta tó yanjú búlúù, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2014.

Nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà méjì lára páálí. 6500K ni èyí tó funfun gbòò bí ti ilé ìwòsàn, 2700K ni èyí tó pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà. Àwa ń kó 6500K sínú yàrá ibùsùn, a ní òun ló mọ́lẹ̀ jù, oorun ò wá yá. 3000K ni mo ń fi sí yàrá. Èkejì ni CRI, tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí lábẹ́ iná náà. 80 tó fún ilé. Fún ẹni tó ń ta aṣọ òkè tàbí ẹran, ẹ wá 90. Mo ní oníbàárà kan tó ń ta léèsì. Léèsì aláwọ̀ wáìnì ni obìnrin kan rà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, nígbà tó wò ó lọ́sàn-án, ó bá búráùn. Iná ló purọ́, oníbàárà mi ni wọ́n wá bá jà.

Gílóòbù tó ń gbọ́ fóònù

Mọ́mì kan wà ní Bódìjà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn kó gílóòbù Wi-Fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí wọn láti London, mo bá wọn tò ó. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi pè mí láàárọ̀ kùtù: "Ọmọ mi, iná tẹ́ ẹ fi síbí ń ṣẹ́jú sí mi o!" Mo débẹ̀, òótọ́ ni. NEPA ti tan, ó ti lọ, ó tún tan, ó tún lọ, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń tún irú gílóòbù yẹn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ẹ ó tan án, ẹ ó pa á, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí márùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pé kí ẹ wá so òun mọ́ fóònù. Ẹni tó ṣe é ò ronú pé ilé iṣẹ́ mànàmáná náà lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí iná bá dé láago méjì òru, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tàn yòò, torí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ìkejì rẹ̀, Mọ́mì ń pa iná lára ògiri bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọgọ́ta ọdún, fóònù ò sì lè bá gílóòbù tí kò ní iná sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Gílóòbù tó ń gbọ́ òyìnbó kò gbọ́ tèmi."

Ibi tí mo wá dúró sí nìyẹn: ẹ fi gílóòbù lásán sókè, kí ẹ fi ọgbọ́n sí swíìṣì. Àmọ́ swíìṣì náà ní tirẹ̀. Ẹ ṣí swíìṣì ilé yín wò, wáyà méjì péré lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, láífù tó wọlé àti èyí tó ń lọ sí iná. Níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, wà lókè, nínú àjà. Àwọn swíìṣì kan wà tí kò nílò níútírà, àmọ́ inú gílóòbù ni wọ́n ń gbà jí iná díẹ̀ lò, LED á sì máa tàn fírífírí lóru bí ojú ológbò lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa á. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ sókè níbi tí níútírà wà, mo wá so swíìṣì ògiri àtijọ́ mọ́ ọn. Fóònù ń pa á, ògiri ń pa á, Mọ́mì ò ní láti kọ́ nǹkan kan.

Èdè tí wọ́n ń sọ wá ńkọ́?

Wi-Fi rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, kò nílò àpótí kankan (hub) tó máa bá gílóòbù sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń gba àyè kan lórí ráútà, MiFi kékeré tí ọ̀pọ̀ wa ń lò sì máa ń kún kíákíá. Wi-Fi 2.4GHz nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń gbọ́, wọn kì í gbọ́ 5GHz. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń gba ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ kan lókè òkun kí iná yàrá yín tó tàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Insteon, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ta iná àti swíìṣì tó ń gbọ́ fóònù, pa sáfà tirẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn jí, áàpù wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn oníbàárà kan ló padà ra ilé iṣẹ́ náà nínú oṣù kẹfà.

Zigbee, èdè rédíò mìíràn tó yàtọ̀ sí Wi-Fi, nílò àpótí tirẹ̀, irú èyí tí Philips Hue ti ń lò láti 2012. Láàárín ilé ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Bí dátà bá tán, iná ń tàn. Gílóòbù kan á gba iṣẹ́ jẹ́ fún ìkejì, ó sì ń dé yàrá ẹ̀yìn tí Wi-Fi kì í dé. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá pa èyí tó wà láàárín lára ògiri, ọ̀nà já. Ẹ gbé àpótí náà sórí ínfátà, iná tó ń jẹ kéré gan-an.

Bluetooth kò gbówó lórí, ó dáa fún yàrá kan. Ẹ ò lè fi pa iná ilé láti Ságámù.

Matter ló dé kẹ́yìn, oṣù kẹwàá ọdún 2022. Àwọn tó ń jẹ́ Zigbee Alliance títí di 2021 ló gbé e jáde, pẹ̀lú Apple, Google àti Amazon. Ohun tó ń ṣe ni pé gílóòbù kan lè gbọ́ ti gbogbo wọn, láàárín ilé, láìgba òkè òkun kọjá. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà báyìí, ẹ wá àmì rẹ̀ lára páálí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní Zigbee tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má yọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àpótí ti ń túmọ̀ Zigbee sí Matter fúnra wọn.

Ẹni tó wà lórí bátìrì kó tún ṣírò kinní kan. Gílóòbù tó ń gbọ́ fóònù kì í sùn; ó lè máa jẹ tó ààbọ̀ wáàtì nígbà tẹ́ ẹ bá ti pa á. Mẹ́wàá rẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀ á jẹ 120 nínú wáàtì-wákàtí 2,400 tí bátìrì fóòtì 12 kan tó jẹ́ 200Ah ní, láìtan ìmọ́lẹ̀ kankan.

Fún ṣọ́ọ̀ṣì àti hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo èyí tí mo sọ yìí ti kéré. DALI-2, ìlànà tí wọ́n fi ń darí iná ilé ńlá láti ojú kan, ni kí ẹ bi oníwáyà yín: wáyà méjì tí kò sí pé èyí ni pọ́sítífù, iná 64 lórí ìlà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri o, torí wáyà yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, Bluetooth Mesh, ìyẹn Bluetooth tí iná kan fi ń jíṣẹ́ fún ìkejì láìlo wáyà, ló kù fún yín.

Àbúrò Mọ́mì tó wà ní Houston gbọ́ nípa ti London, òun náà fẹ́ kó tirẹ̀ ránṣẹ́. Mo ní kó ka ìdí gílóòbù náà fún mi lórí fóònù: "120V, 60Hz, E26." Ti London, pẹ̀lú ìdí onípíìnì B22 rẹ̀, bá 230 wa mu gẹ́lẹ́. Ti Amẹ́ríkà yìí á wọ hódà onísíkírúù E27 láìjà, á tàn bí mànàmáná, á sì tán síbẹ̀. Mo ní kó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, kó fi owó rẹ̀ ra méjì nínú ẹ̀rọ kékeré bíi páálí ìṣáná yẹn ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí lára.